Ọkọ mi ò mọ bó ṣe wakọ̀ délé



Nírọ̀lẹ́ yìí, ọkọ mi ti ibi iṣẹ́ dé sílé wa ní àdúgbò Uwasota, àmọ́ kò sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò. Mo kan fèrèsé mọ́tò náà.

"Dádì Tóbi, ẹ ò wọlé ni?"

Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí.

"Mi ò mọ bí mo ṣe délé. Lẹ́yìn Airport Road, mi ò rántí nǹkan kan."

Ó ní òun ò rí oorun sùn mọ́ látìgbà tí báńkì àwọn ti ń dá èèyàn dúró lẹ́nu iṣẹ́. Àárẹ̀ iṣẹ́ lásán lèmi ti ń pè é tẹ́lẹ̀.

Mo gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ ẹ̀. Dókítà la máa rí láàárọ̀ ọ̀la, báńkì á dúró.

Òun fúnra ẹ̀ ló ní kí n bi yín: ṣé irú èyí ti ṣe ẹnì kankan nínú yín rí?