Wọ́n Gé Igi Lìádì Láti Fi Ṣèrántí Lìádì

Gọ́tà tí Lìádì fi ọdún mẹ́wàá kọrin bú ló pa á. Òjò àárọ̀ kan ni, ní oṣù kẹfà ọdún 1997 tó kọjá. Omi ti ń wọ yàrá àwọn ènìyàn ní àdúgbò wa ní Koumassi, nílùú Abidjan. Olórin yìí ká ṣòkòtò sókè, ó mú igi gígùn kan, ó wọ inú gọ́tà lọ láti fa àwọn náílọ́ọ̀nù tó dí i jáde. Ó fà wọ́n jáde lóòótọ́. Omi tó ti há sẹ́yìn wọn ya lẹ́ẹ̀kan náà, ó gbá a lọ sábẹ́ kọnkéré. Ẹ̀bá ọ̀sà ni wọ́n ti rí òkú rẹ̀, a sì sin ín kí oòrùn tó wọ̀, bí ẹ̀sìn rẹ̀ ti wí. Lọ́jọ́ náà, omi ò wọ ilé ẹnikẹ́ni mọ́.

Kí n má purọ́ mọ́ òkú: Lìádì kọ́ lolórin tó dùn jù ní Abidjan. Ohùn rẹ̀ máa ń há tó bá fẹ́ gbé e sókè, ijó rẹ̀ sì dà bíi ti ẹni tí ìjàlọ wọ ṣòkòtò rẹ̀. Síbẹ̀, orin rẹ̀ gbilẹ̀. Àwọn ọmọ wa ní Yopougon, tí wọn ò gbọ́ Yorùbá délé, ń fi kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jó nínú gbaka, bọ́ọ̀sì kéékèèké wa. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀, aláṣọ ní ọjà Treichville. Bàbá fẹ́ kó ta aṣọ, Lìádì ní jìtá lòun fẹ́. Nígbà tó ṣe, ó tún ní jìtá nìkan ò tó, àfi kóun tún ojú ọjọ́ ṣe. Ẹ ò rí ọmọ!

Bí ọkọ̀ agégẹdú bá ń kọjá lọ sí èbúté, Lìádì á dá orin dúró, á nawọ́ sí i: "Ẹ wò ó, òjò àwọn ọmọ yín ni wọ́n ń kó lọ yẹn o!" Àwa á rẹ́rìn-ín. A sọ ọ́ ní Lìádì Olójò. Ó ní tí a bá gé igbó tán, òjò ò ní rọ̀ nígbà tó yẹ mọ́, tó bá sì wá dé, á máa rọ̀ bí ẹni tó ń bínú. A ní ọ̀rọ̀ yìí ti pọ̀ jù fún olórin. Kò pẹ́ kò jìnnà, àwa tí à ń rẹ́rìn-ín la ń fi korobá gbọ́n omi nínú yàrá.

Bí ẹ bá pè é síbi ìkómọ, kò ní tẹ jìtá àfi tí bàbá ọmọ bá kọ́kọ́ gbin igi. Ojú mi ló ṣe tí ààrẹ ẹgbẹ́ àwa Yorùbá níbí, Alhaji Àtàndá, kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú agbádá funfun níwájú ilé ẹgbẹ́, tó ń fọwọ́ bo ìdí igi furúùtù nítorí àbíkẹ́yìn rẹ̀, tí ìyàwó rẹ̀ ń ké pé, "Ẹ rọra, aṣọ yẹn!" Igi náà dàgbà, ó sì di ìbòòji tí gbogbo wa ń jókòó sí.

Ẹ mọ̀ pé láàárín wa, ẹni tí olórin bá dárúkọ, orí rẹ̀ á wú, á jáde wá jó. Lìádì yí àṣà náà dà. Ẹni tó bá da ìdọ̀tí sí gọ́tà ló ń dárúkọ. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń gbà tí wọ́n bá ti gbọ́ jìtá rẹ̀. Ní ọdún 1995, ẹgbẹ́ wá fi Ọ̀gbẹ́ni Ignace ṣe parrain, ìyẹn bàbá ìsàlẹ̀ ayẹyẹ wa. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àpò náílọ́ọ̀nù ní Yopougon ni. Lìádì gbé jìtá kọ́rùn:

Ignace o, Ignace,
Náílọ́ọ̀nù rẹ dínà omi mọ́ wa.
Ilé wa rì, orí òkè nìwọ ń sùn,
Ignace o, wá kó ẹrù rẹ.

Ignace ò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀. Ó dìde, ó jó, ó dì mọ́ olórin. Ó yíjú sí Àtàndá, ó bi í pé kí ni olórin ń wí: "Président, il dit quoi?"

"Il vous bénit, patron," ni Alhaji wí, "il vous bénit beaucoup!" Ìyẹn ni pé ó ń súre fún un.

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Lìádì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Baba, ṣé ohun tí mo sọ nìyẹn?"

"Ọmọ mi, àlejò la jẹ́ nílùú yìí. Àlejò kì í bú onílé."

"Ẹni tí wọ́n bí síbí, Baba, àlejò ibo ni?"

Ká ní ẹnì kan túmọ̀ orin yẹn bó ṣe jẹ́ lọ́jọ́ náà, bóyá ojú ìbá ti Ignace.

Àwọn ọ̀gá tó ń rí sí gọ́tà ńkọ́? Ẹ má sọ pé wọn ò wá. Wọ́n wá pẹ̀lú bàtà òjò tuntun, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n ní katapílà ń bọ̀. Ṣé ẹsẹ̀ ló fi ń rìn bọ̀ ni? Nígbà tí Lìádì kú, òdòdó ni wọ́n fi ránṣẹ́ dípò katapílà, náílọ́ọ̀nù ni wọ́n sì fi wé e. Ta ló sọ fún wọn pé òdòdó ni Mùsùlùmí fi ń sìnkú? Jẹ̀mílà, opó rẹ̀, rọra tú náílọ́ọ̀nù náà, ó ká a sínú báàgì rẹ̀. Ó ní, "Tí mo bá jù ú sílẹ̀, ọkọ mi á jí, á dárúkọ mi."

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá la ṣèrántí ọdún kan. Ọdún ò tíì pé o. Ṣùgbọ́n parrain ń lọ sí Paris lóṣù kẹfà, nítorí náà òkú gbọ́dọ̀ pé ọdún kí ọjọ́ tó pé. Parrain wo? Ignace náà ni. Òun ló fún wa ní bâche, tapólì ńlá tí àlejò máa jókòó sábẹ́ rẹ̀. Bâche ò gbà níwájú ilé ẹgbẹ́. Ẹ mọ ohun tí wọ́n ṣe? Wọ́n gé igi furúùtù.

Jẹ̀mílà dé, ó rí kùkùté. "Alhaji, igi ńkọ́?"

"Ṣe sùúrù, ọmọ mi. Bâche ò gbà. Nítorí ọkọ rẹ náà ni."

"Quand même, Alhaji, kò dáa o! Ìbòòji lẹ gé kí ẹ lè ṣe ìbòòji?"

Obìnrin náà ò wọ abẹ́ bâche. Orí kùkùté ló jókòó sí nínú oòrùn, títí wọ́n fi sọ̀rọ̀ tán. Wọ́n ní àwọn máa fi orúkọ Lìádì pe ilé ẹgbẹ́. Ignace fọwọ́ nu ojú, ó ní ọ̀rẹ́ òun ni, ó ti súre fún òun rí níbí yìí. Alhaji ń wo ilẹ̀. Nígbà tí a túká, a kó àga, a fi náílọ́ọ̀nù omi tí a mu sílẹ̀. Òjò ọjọ́ kejì gbá gbogbo rẹ̀ sínú gọ́tà.

Mo ti ń ṣàwàdà bọ̀ nítorí bí òun náà ṣe máa fẹ́ ẹ nìyẹn, ṣùgbọ́n inú ń bí mi. Ilé Jẹ̀mílà ló sún mọ́ gọ́tà náà jù. Lánàá, mo rí réèkì tuntun, irú èyí tí a fi ń fa ìdọ̀tí jáde, lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Mo ní kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ni kí n máa dúró dè?"

Alhaji Àtàndá, ẹ lọ bá Ignace kó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, kí ẹ túmọ̀ orin náà fún un láìfi ọ̀rọ̀ kan pamọ́. Ọ̀gbẹ́ni Ignace, ẹ wá kó ẹrù yín. Ẹ̀yin ọ̀gá gọ́tà, ẹ sọ ọjọ́ tí katapílà máa dé, kí ẹ sì sọ orúkọ ẹni tí a máa mú tí kò bá dé. Tí ẹ ò bá lè ṣe ìyẹn, ẹ jáde wá kí òjò tó dé, kí ẹ dárúkọ ẹni tó máa wọ gọ́tà lọ́dún yìí. Kí ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú yín.