Ẹni Tí Tanpẹ́pẹ́ Kọ́kọ́ Ń Jẹ

Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí nígbà tí àwa òbí àti òbí àgbà lé akọ́nimọ̀ọ́gbá àwọn ọmọ wa ní Cypress, ìlú tí a ń gbé lókè òkun. Ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ti ń ṣọ́ ilé, ló ti gbá bọ́ọ̀lù rí, nínú àwọn lígì kéékèèké ní England. Kí àwọn ọmọ tó dé, á bọ́ bàtà, á rin pápá já, kí tanpẹ́pẹ́ lè kọ́kọ́ jẹ òun, kó lè mọ ibi tí àwọn ọmọ kò gbọdọ̀ tẹ̀.

“Iṣẹ́ ẹni tó wà lẹ́yìn nìyẹn, Mà,” ló máa ń wí.

Ní ìpàdé àwa òbí, bàbá kan ní, “Ta ló rí i lórí tẹlifíṣọ̀n rí? Akọ́nimọ̀ọ́gbá tí mo mú wá ti ya fọ́tò pẹ̀lú àwọn ìràwọ̀ bọ́ọ̀lù.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n dìbò láti lé e. Inú bí mi, síbẹ̀ n kò sọ̀rọ̀.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun jókòó sínú mọ́tò; àwọn ọmọ ń sunkún, wọ́n ń họ ẹsẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó lé ẹnìkan, ẹ kọ́kọ́ wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀.