Ìbora Tí Àjíbíkẹ́ Rán fún Layọ̀mi

Kò sí iṣẹ́ tí ọwọ́ Àjíbíkẹ́ kò mọ̀ kí ó tó pé ọgọ́ta ọdún. Ó mọ ẹ̀gẹ́ ẹ́ bó, ó mọ gààrí í yan, ó mọ ọmọ tuntun ún wẹ̀ títí ọrùn ọmọ náà yóò fi le bí òpó ilé. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ kọ̀ ọ́. Láti kékeré ni abẹ́rẹ́ ti kọ̀ ọ́. Bọ́tìnì tó bá já lára aṣọ ọkọ rẹ̀, aládùúgbò ló ń bá a gán an. Àfìgbà tí ikú wọ ilé rẹ̀ ní Mòwé tó mú Morádéyọ̀ lọ, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ni òun àti abẹ́rẹ́ wá di ọ̀rẹ́ tipátipá.

Morádéyọ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ní Ìbàfò. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù kìíní, ó sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ó fẹ́ sọdá títì márosẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù tí bíréékì rẹ̀ já sì gbá a. Àwọn tó rí i ní bàtà rẹ̀ ti balẹ̀ ní òdìkejì títì kí òun fúnra rẹ̀ tó balẹ̀. Wọn kò jẹ́ kí Àjíbíkẹ́ rí òkú, wọn kò sì fi ibojì hàn án. Òbí kì í mọ ibojì ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí, ta ló máa bá wọn jiyàn? Ohun tó kù fún un ni ọmọ tí Morádéyọ̀ fi sílẹ̀, Jésùlayọ̀mi, ọmọ ọdún mẹ́rin, tí gbogbo ilé ń pè ní Layọ̀mi.

Ọmọ náà kò sunkún. Èyí ló ba Àjíbíkẹ́ lẹ́rù jù. Layọ̀mi kàn lọ fa aṣọ ìwọ̀sùn ìyá rẹ̀ yọ lábẹ́ ìrọ̀rí ni, aṣọ aláwọ̀ ọsàn tó ti ṣá, tí etí apá rẹ̀ ti tú. Ó fi apá aṣọ náà dí imú, ó fi àtàńpàkò sẹ́nu, ó sì sùn. Láti ọjọ́ náà, bí aṣọ yìí bá wà nímú rẹ̀, oorun á gbé e. Bí wọ́n bá gbà á, á la ojú sílẹ̀ bí ẹja orí àtẹ, kò ní sùn, kò ní jẹun, kò ní sọ̀rọ̀. Àjíbíkẹ́ fúnra rẹ̀ gbé aṣọ náà sí imú lẹ́ẹ̀kan péré. Ó gbọ́ òórùn àdí àgbọn, ó gbọ́ òórùn páúdà, lẹ́yìn náà ó gbọ́ èyí tó jẹ́ ti Morádéyọ̀ nìkan láyé yìí, tí kò ní orúkọ. Ó yára gbé e padà fún ọmọ, ó wọ ẹ̀yìnkùlé lọ, ohun tó sì sun lẹ́kún níbẹ̀ ì bá kún kàǹga.

Nínú oṣù kejì, Ìbíwùnmí, ìyá Gbémiga tó jẹ́ ọkọ Morádéyọ̀, pè é láti Ìbògùn.

"Ìyá Morádéyọ̀, ẹ kú àmúmọ́ra. Ẹ rí i, Gbémiga ń wakọ̀ kiri ni, lónìí Kánò, lọ́la Oníṣà, kò lè dá tọ́mọ. Sátidé tó bá tẹ̀ lé ọdún Àjíǹde, èmi fúnra mi máa wá mú ọmọ wa."

"Ọmọ yín ni, Ìyá Gbémiga. Mi ò bá yín jà." Ohùn Àjíbíkẹ́ ti lọ sílẹ̀. "Kìkì pé kò lè sùn láìsí aṣọ ìwọ̀sùn ìyá rẹ̀ kan. Màá kó o mọ́ ẹrù rẹ̀."

"Háà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o. Aṣọ òkú? Kò ní wọ ilé mi. Ẹni tó kú sí títì, kí ọmọ máa fi aṣọ rẹ̀ dí imú? Ṣé ẹ fẹ́ kó padà wá mú un ni? Ẹ wá nǹkan mìíràn fún un."

Fóònù ti kú, Àjíbíkẹ́ ṣì gbé e sétí. Aṣọ òkú kò gbọdọ̀ wọlé. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ta ló ní ìbora kò gbọdọ̀ wọlé?

Obìnrin kan wà ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́yìn ibùdókọ̀ Mòwé, Rosemary lorúkọ rẹ̀, tó máa ń wá láti àdúgbò OPIC ní gbogbo Sátidé láti kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní iṣẹ́ àlẹ̀mọ́. Wọ́n á gé àkísà aṣọ ní àwòrán ewé, tàbí ẹyẹ, tàbí ilé, wọ́n á rán an mọ́ orí aṣọ mìíràn, wọ́n á fi fóòmù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sáàárín, wọ́n á fi aṣọ tó nípọn tẹ́ abẹ́ rẹ̀, ó di ìbora. Àjíbíkẹ́ gbé àpò aṣọ ọmọ rẹ̀ lé orí, ó wọlé tọ̀ wọ́n. Àwọn tó bá níbẹ̀, èyí tó dàgbà jù nínú wọn lè jẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀.

Ọ̀kan nínú wọn, Muslimah, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, wo òkìtì aṣọ oríṣiríṣi tó dà sílẹ̀. "Màmá, ẹ káàbọ̀ o. Ṣé eégún yín fẹ́ jáde lọ́dún yìí ni, ẹ fẹ́ rán agọ̀ fún un?"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi ló ni wọ́n," ni Àjíbíkẹ́ wí. "Ó kú."

Ẹ̀rín náà gbẹ bí omi tó dà sórí iyanrìn. Rosemary fa àga fún un, ó kúnlẹ̀ kí i. "Ẹ jókòó, Màmá. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì fọ̀ wọ́n, àbí? Òfin àkọ́kọ́ wa nìyẹn: aṣọ tí a ò fọ̀ kì í wọnú iṣẹ́. Ọ̀kan á sún kì, ọ̀kan á ṣí aró sára èkejì, gbogbo làálàá á dòfo."

"Òótọ́ lẹ sọ, Àǹtí," ni Àjíbíkẹ́ dáhùn. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí i rárá. Nílé bàbá rẹ̀ ní Ifọ̀, fífọ̀ ni wọ́n ń fọ aṣọ olóògbé kí wọ́n tó pín in, kí ẹni tó bá máa wọ̀ ọ́ má baà kó sí wàhálà. Olùkọ́ ní kó fọ̀ ọ́, àṣà ní kó fọ̀ ọ́. Kí ló tún kù tó fẹ́ rò?

Iṣẹ́ náà jẹ ẹ́ níyà. Ewé àkọ́kọ́ tó gé, orí ìlà tó yà gan-an ló gé e sí. Ewé yìí fẹ̀ bí ewé eéran nígbà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà tó ṣẹ́ etí rẹ̀ sínú tán, ó kù bí ewé efinrin.

"Ẹ fi ìwọ̀n èékánná sílẹ̀ yí i ká, Màmá," ni Rosemary ń wí. "Èyí tí ẹ máa ṣẹ́ sínú, ojú kankan ò ní rí i, ṣùgbọ́n òun ló di iṣẹ́ mú. Níbi tó bá ti kọ́, ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé etí rẹ̀ wẹ́wẹ́, kó lè tẹ̀. Ẹ wá jẹ́ kí abẹ́rẹ́ yọ láti abẹ́, kó bu etí aṣọ jẹ díẹ̀, bí èèrà ṣe ń jẹni, kó padà sábẹ́. Òwú ò gbọdọ̀ hàn."

Òwú Àjíbíkẹ́ hàn. Ó hàn bí eyín ajá. Ó tú u, ó tún un rán, ó tún un tú. Abẹ́rẹ́ gún un lọ́wọ́ ọ̀tún, ó gún un lọ́wọ́ òsì, ìka rẹ̀ wú tó fi di pé kò lè fi ọwọ́ bu ẹ̀bà gbígbóná. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ ti sísọ́ọ̀sì bọ gáwùn aláwọ̀ aró tí Morádéyọ̀ fi ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ó rò ó pé òun máa gbọ́ igbe. Kò gbọ́ nǹkan kan. Aṣọ kàn ya ni. Gáwùn yẹn di odò, àdìrẹ tó wọ̀ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ Layọ̀mi di ewé mẹ́rìndínlógún, aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ di ìkuukùu. Nígbà tí ọdún Àjíǹde fi kù sí dẹ̀dẹ̀, òwú rẹ̀ ti sá pamọ́. Muslimah fi ọwọ́ pa ewé kan, ó kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí, ọ̀rọ̀ eégún yẹn."

"Gbéra ńlẹ̀, jàre. Ẹnu rẹ ló máa tọ́ ọ dàgbà."

Àárín ìbora nìkan ló ṣófo. Aṣọ ìwọ̀sùn ló fi àyè náà sílẹ̀ dè. Ó fẹ́ fi ṣe ẹyẹ ńlá kan, kí apá aṣọ náà sì di ìyẹ́ tí kò rán mọ́lẹ̀ tán, kí ọmọ lè máa rí i dì mú. Ìbíwùnmí á rí ẹyẹ, Layọ̀mi á rí ìyá rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé ọdún, bí ọmọ ṣe jókòó ti àwo ẹ̀kọ ògì rẹ̀ ní ìta, Àjíbíkẹ́ yọ́ mú aṣọ náà. Ó rẹ ẹ́ sínú ọṣẹ. Ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí pé òun ni yóò wà láàárín, ó fẹ́ kó mọ́ ju gbogbo ìyókù lọ. Ó fi sítáàṣì sí i, ó sá a sínú oòrùn tó mú gan-an, ó lọ̀ ọ́, ó gé e.

"Ìyá Àgbà, aṣọ mi dà?"

"Mò ń fi ṣe nǹkan tó dára fún ọ. Ní sùúrù, ọkọ mi."

Ọmọ kò sùn lọ́jọ́ náà. Kò sùn lọ́jọ́ kejì. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àgbà, ó la ojú sílẹ̀, ó ń wo abẹ́rẹ́ tó ń wọlé tó ń jáde, Àjíbíkẹ́ sì ń sáré rán, ó ń bẹ ọwọ́ ara rẹ̀ bí onígbèsè ṣe ń bẹ olówó. Ọwọ́ gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ẹyẹ náà jókòó dáadáa.

Ìbíwùnmí dé ní òwúrọ̀ Sátidé, ó ní kí ẹni tó fi kẹ̀kẹ́ gbé e wá dúró de òun. Wọ́n kí ara wọn, Àjíbíkẹ́ fún un lómi mu. Nígbà tí ẹrù ọmọ jáde tán, Àjíbíkẹ́ tẹ́ ìbora náà sórí àga.

Ìbíwùnmí yẹ̀ ẹ́ wò lójú, ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn. "Áà, èyí mà dára o. Ta ló rán an?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin? Ẹ kú iṣẹ́. Irú èyí ni mo ní kí ẹ wá. Ó lè wọ ilé mi dáadáa."

Ó ti kọjá. Àjíbíkẹ́ mí kanlẹ̀. Ó pe Layọ̀mi, ó jókòó, ó gbé e lé itan, ó fi ìyẹ́ ẹyẹ náà sí i lọ́wọ́. "Tìẹ nìyí. Gbé e símú."

Ọmọ gbé e símú. Ó dúró. Ó gbé e kúrò, ó wò ó, ó tún gbé e padà. Ó tẹ imú mọ́ àyà ẹyẹ, ó fín ewé kan, ó fín odò, ó fín ìkuukùu, bí ọmọ ajá tí wọ́n gbé sọnù. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ méjèèjì ti ìbora náà dà nù.

"Kì í ṣe mọ́mì."

"Layọ̀mi, òun ni..." Àjíbíkẹ́ rí ojú Ìbíwùnmí, ó gbé ìyókù mì.

"Kí ló ní?" ni Ìbíwùnmí béèrè.

"Kò sí. Ó ní òun kò fẹ́ ni."

Ìgbà yẹn ni ọmọ náà ké. Láti oṣù kìíní tí ìyá rẹ̀ ti kú, igbe àkọ́kọ́ nìyẹn, ó sì ké e tó fi jẹ́ pé ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ pa ẹ̀rọ rẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀. Àjíbíkẹ́ gbé ìyẹ́ ẹyẹ náà sí imú ara rẹ̀. Ìgbà náà ló yé e.

"Ẹkún ọmọdé nìyẹn, á tán lọ́nà," ni Ìbíwùnmí wí, ó na ọwọ́. Ṣùgbọ́n Layọ̀mi ti di etí ìró ìyá àgbà mú, ó ti ki imú bọ̀ ọ́, ìró tí èéfín gààrí ti wọ̀ lára, tí kò tíì fojú kan omi láti ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n fà á, kò já. Wọ́n fà á lẹ́ẹ̀kejì, ó fi eyín kún un.

Àjíbíkẹ́ tú ìró náà ní ìdí. Ó ku yẹ̀rì nìkan lára rẹ̀ lójú àwọn ará àdúgbò.

"Ẹ jẹ́ kó mú un lọ. Èmi ò tíì kú."

Ìbíwùnmí wo ilẹ̀. "Kò burú. Ó lè mú èyí."

Wọ́n gbé ọmọ sínú kẹ̀kẹ́. Kí wọ́n tó yí kọ́nà, ó ti fi ìró dí imú, ojú rẹ̀ ti ń pa dé. Ó máa mọ òórùn ìyá àgbà. Ti ìyá rẹ̀, kò sí níbì kankan mọ́ láyé tó ti lè gbọ́ ọ.

Àjíbíkẹ́ wọlé. Ó ṣí àpótí Morádéyọ̀, bóyá gèlè kan, bóyá ìbọ̀sẹ̀ kan ṣẹ́kù tí omi kò kàn. Gbogbo rẹ̀ ló ti fọ̀, ó ká wọn létòlétò. Ó jókòó, ó fa ìbora náà bo orí, ó ń fi imú wá ìdí ewé kọ̀ọ̀kan, ibi tí etí aṣọ ṣẹ́ wọ inú.

Ọṣẹ ni. Ọṣẹ nìkan ni.