Ìṣólẹ́nu Níbi Ìsìn Ìrọ̀lẹ́

Ọ̀rẹ́ mi kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìṣólẹ́nu. Iṣẹ́ ṣúmékà ló ń ṣe. Bó bá ń kan bàtà, ẹnu ló ń kó ìṣó sí, á máa yọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. O lè kí i láàárọ̀ kó má dá ọ lóhùn títí yóò fi kan bàtà náà tán. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ní ó ń gbéraga. Àwa tí a mọ̀ ọ́n mọ̀ pé kò fẹ́ gbé irin mì ni.

Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló bí. Ọmọ náà kò fẹ́ iṣẹ́ bàtà. Ìyẹn kò burú. Bíríkìlà lèmi náà, kò sí ọmọ mi kan tó fọwọ́ kan síméńtì. Ohun tó burú ni ọ̀rọ̀ tó sọ. Ó ní òun ò ní fi ayé òun gbóòórùn ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀, àti pé ojú ń ti òun bí wọ́n bá ń pe òun ní ọmọ ṣúmékà. Ìṣó wà lẹ́nu baba rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kó tó tu ú sílẹ̀, ọmọ ti gbé àpò, ó ti lọ. Láti ìgbà náà, ìyá rẹ̀ ló máa ń pè lórí fóònù. Kì í béèrè baba.

Nígbà tó yá, ẹnìkan sọ fún wa pé òun ń rí i ní ṣọ́ọ̀ṣì kan lódìkejì ìlú, níbi ìsìn ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè. Ìyàwó Ìṣólẹ́nu ní, "Ẹ lọ bá a. Agídí ẹ̀yin méjèèjì, èmi ló ń jẹ lára."

Ni ọkọ rẹ̀ bá wá bá mi. "Bá mi lọ."

"Kí ni kí n lọ ṣe níbẹ̀?"

"Kóo jókòó tì mí, kí n má baà sá."

Bí a ṣe lọ nìyẹn. Mi ò rí ẹni tí ara rẹ̀ kò balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Nínú bọ́ọ̀sì, ó jókòó, ó dìde, ó tún jókòó. Ó ti kun bàtà rẹ̀, ó ti nù ún títí o fi lè wo ojú ara rẹ nínú rẹ̀.

"Bó bá rí mi, tó wá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ńkọ́?"

Mo ní bó bá yíjú, a ó padà sílé.

"Ẹnu ẹ rọrùn," ló wí. "Bó bá sẹ́ mi lójú èrò, ó parí. Mi ò ní béèrè rẹ̀ mọ́ láéláé."

Ṣọ́ọ̀ṣì náà wà lókè ilé ìtajà kan. Kò rí bíi tiwa. Kò sí agogo, kò sí bẹ́ǹṣì onígi, àga oníke ni wọ́n tò. Obìnrin kan tó ń darí èrò dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin bàbá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bọ́ bàtà yín síbí. Kápẹ́ẹ̀tì tuntun ni."

Ìṣólẹ́nu wò ó. "Bàtà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwa, tibàtà-tibàtà la ń wọlé. Ó bọ́ ọ. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yọrí jáde nínú ìbọ̀sẹ̀.

Mo ní, "Bàtà ń dán, ìbọ̀sẹ̀ ń rẹ́rìn-ín."

"Ṣúmékà ni mí. N kì í rán ìbọ̀sẹ̀."

A jókòó sẹ́yìn. Ọmọ náà wà nígun iwájú, nídìí ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn jáde, ó fi nǹkan tí wọ́n fi ń gbọ́ ohùn bo etí méjèèjì. Ó gbójú sókè, ó rí wa. Mo rí i pé ó rí wa. Ó tún dorí kọ àwọn bọ́tìnnì rẹ̀.

"Ó rí mi," ni Ìṣólẹ́nu wí.

"Iṣẹ́ ló ń ṣe."

"Ó rí mi, ó sì dorí kodò."

Láti ìgbà yẹn kò jókòó ire mọ́. Ó na ẹsẹ̀, ó ká a. Ó fi ẹsẹ̀ kan bo àtàǹpàkò èkejì mọ́lẹ̀. Oníwàásù ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ dídùn, ó gùn bí ojú irin. Mi ò rántí ọ̀kan nínú rẹ̀. Nígbà tó ṣe, wọ́n ní kí àlejò dìde kí wọ́n rí wọn. Ìṣólẹ́nu dìde lóòótọ́, àmọ́ ọ̀nà ìta ló kọrí sí. Èmi nìkan ni wọ́n bá lórí ìdúró. Wọ́n kọrin fún mi, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n bi mí pé ta ló pè mí wá. Mo ní ọ̀rẹ́ mi ni. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ náà dà? Mo ní ó ti lọ. Ni gbogbo ilé bá bú sẹ́rìn-ín.

Ohun tó ṣe níta, òun ló sọ fún mi lẹ́yìn. Ó fẹ́ gbé bàtà rẹ̀ kó máa lọ sílé. Bó ṣe ń wá a láàárín bàtà èrò, ó rí bàtà dúdú kan tí gìgísẹ̀ òsì rẹ̀ ti jẹ lápá òde, tó sì ti ń ya ẹnu. Bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń tẹ bàtà láti kékeré nìyẹn. Inú rẹ̀ rọ̀. Ó ní kí ọmọ òun má rìn báyìí lọ sílé. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ki ọwọ́ bọ àpò ẹ̀wù, ìṣó kì í wọ́n níbẹ̀, ó kó o sẹ́nu, ó sì mú òkúta tí wọ́n fi há ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn padé. Bí àwa bá pàtẹ́wọ́ nínú ilé, á kàn án. Bí a bá dákẹ́, á dúró.

Ọkùnrin sísanra kan jáde lọ gba ìpè fóònù. Igbe rẹ̀ la gbọ́.

"Olè! Olè bàtà rè é o!"

Gbogbo àwọn ará ẹ̀yìn dà síta, èmi náà dà pẹ̀lú wọn. Ó ti di ọ̀rẹ́ mi lọ́rùn ẹ̀wù. "Bàtà mi rè é lọ́wọ́ ẹ̀! Òun náà ló jí ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá!"

Kì í ṣe ọmọ ẹnìkan ṣoṣo ló ń jẹ gìgísẹ̀ òsì láyé.

Obìnrin ẹnu ọ̀nà káwọ́ lérí. "Háà, bàbá! Ẹ̀yin àgbà?"

Ẹlòmíì ní, "Ẹ wo ìbọ̀sẹ̀ ẹ̀. Ẹ ò rí i pé bàtà ń wu ẹsẹ̀ náà?"

"Ẹ sọ̀rọ̀! Kí lẹ ń fi bàtà mi ṣe?"

Ìṣólẹ́nu ní, "Mm."

"Kí ni mm? Kò rí nǹkan sọ!"

"Mm-mm."

Mo ti lanu kí n sọ̀rọ̀. Mo wá rí ọmọ náà lẹ́nu ọ̀nà, nǹkan etí rẹ̀ ti rọ̀ sí i lọ́rùn. Baba rẹ̀ náà rí i. Mo pa ẹnu mi dé. Kì í ṣe èmi ló yẹ kó sọ ọ́.

Ọmọ náà dúró. Ó wo èrò, ó wo ìbọ̀sẹ̀ baba rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gba àárín wọn kọjá.

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n tu ìṣó ẹnu wọn ná. Wọn kì í fèsì bí ìṣó bá wà lẹ́nu wọn."

"Ìṣó kẹ̀?"

"Ṣúmékà ni wọ́n. Bàbá mi ni."

Ìṣólẹ́nu tu ìṣó sí àtẹ́lẹwọ́. Ariwo rọlẹ̀. Ọkùnrin sísanra yẹn yí bàtà rẹ̀ padà, ó fi ìka ti gìgísẹ̀ rẹ̀. Kò mì.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ gbé e lọ kàn," ló ń kùn. "Ẹ má bínú, Bàbá Ẹlẹ́rọ." Olè ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn ti di Bàbá Ẹlẹ́rọ.

Wọ́n padà wọlé, ó ku àwa mẹ́ta. Mo rò pé wọn yóò sọ ọ̀rọ̀ ńlá. Wọn kò sọ ọ́.

"Tìrẹ dà?" ni baba bi í.

Ọmọ nawọ́ sí bàtà funfun kan, olóròbà. Ìṣólẹ́nu gbé e, ó dojú rẹ̀ dé, ó tẹ̀ ẹ́, ó gbóòórùn rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀.

"Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Kò sí ìṣó, kò sí òwú. Yóò ya."

"Mo mọ̀, sà."

"Bó bá ya, o mọ ilé."

Ọmọ ní òun mọ ọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa bàtà baba rẹ̀ yọ láàárín bàtà èrò, kò ṣì í mú, ó gbé e síwájú ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ti ń pè é nínú ilé, ẹ̀rọ ń han gooro. Ó sáré wọlé.

Mo rò pé ara ọ̀rẹ́ mi yóò balẹ̀ bí a bá ti ń lọ sílé. Rárá o. Nínú bọ́ọ̀sì, ó jókòó, ó dìde. Ó wo ojú fèrèsé. Ó fọwọ́ tọ́ mi léjìká.

"Bàtà yẹn," ló wí. "Lójú tìẹ, ṣé kò ní pẹ́ ya?"