Eré Márùn-ún Lórí Òkìtì

Bọ́ọ̀lù kejì tí mo jù lọ́jọ́ àkọ́kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ mi, àyà rẹfirí ló lọ bá. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí nígbà náà. Lígì bésíbọ́ọ̀lù àwọn obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, ẹgbẹ́ kékeré kan ní apá gúúsù Chicago sì ti gbà mí ní pitcher. Pitcher ni ẹni tó máa ń dúró lórí òkìtì iyẹ̀pẹ̀ láàárín pápá, tí yóò máa ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tó di igi mú. Bí onígi bá fi igi gbá a, tí kò bà á, strike nìyẹn. Tó bá di strike mẹ́ta, kí onígi máa lọ jókòó. Catcher ló máa ń lóṣòó sẹ́yìn onígi láti hán bọ́ọ̀lù náà.

Keisha ni catcher tiwa. Ó ti lé lógójì ọdún, bọ́ọ̀sì ló sì ń wà ní Hyde Park lọ́jọ́ tí kò bá sí eré. Ìka ló fi máa ń bá mi sọ̀rọ̀: ìka kan, kí n ju èyí tó ń sáré, ìka méjì, kí n ju èyí tó ń rọra bọ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ìka méjì ló nà. Èmi rí ọ̀kan. Bọ́ọ̀lù mi gba òkè orí rẹ̀ kọjá bí ọta, rẹfirí tó dúró sẹ́yìn rẹ̀ sì jókòó sílẹ̀ láìrò tẹ́lẹ̀.

Keisha rìn wá bá mi lórí òkìtì.

“Ṣé o máa ń lo glasses ni?”

“Rárá, ma.”

“Má pè mí ní ma. Ìka mélòó nìyí?”

“Méjì, ma.”

Ẹ̀yin tí ìyá Yorùbá tọ́ dàgbà mọ̀ pé ẹnu mi ò lè gbà á láti pè é ní Keisha lásán. Ẹ̀gbọ́n Keisha ni mo fàbọ̀ sí, ó sì gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tó fi máa di eré kejì, ó ti kun èékánná rẹ̀ ní yẹ́lò tó ń tàn yòò, kí n má baà ṣì í kà mọ́.

Nọ́ọ̀sì ni Mọ́mì mi, Country Club Hills sì nilé wa. Lójú tiwọn, iṣẹ́ gidi mi ni ti pharmacy ní Tinley Park, níbi tí mo ti gba ìsinmi oṣù mẹ́ta.

“Sherifat, tí o bá ju bọ́ọ̀lù yìí tán, ṣé kì í ṣe pé wọ́n tún máa jù ú padà sí ẹ ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì.”

“Kí lẹ wá ṣe?”

Ohun kan ṣoṣo tó tẹ́ wọn lọ́rùn níbẹ̀ ni pé híjáàbù mi wà lábẹ́ fìlà.

Eré kejì dára díẹ̀. Ní ẹ̀kẹta, obìnrin kan gbá bọ́ọ̀lù mi débi tí wọ́n ń páàkì ọkọ̀ sí, ó sì fọ́ gíláàsì ọkọ̀ kóòṣì wa. Owó gíláàsì náà ni kóòṣì ń ṣírò títí a fi jẹun tán. Láti eré kẹrin ni èjìká ọ̀tún mi ti ń ta mí bí iná tí mo bá fẹ́ di irun. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Pitcher méjì wà lórí bẹ́ǹṣì tí ojú wọn wà lára àyè mi, mo sì mọ̀ pé bí mo bá jókòó lẹ́ẹ̀kan, ó lè má rọrùn láti dìde mọ́.

Ọ̀sán Sátidé ni eré karùn-ún. Mọ́mì wá tààrà láti ibi iṣẹ́, pẹ̀lú aṣọ nọ́ọ̀sì lọ́rùn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa wá wò mí nìyẹn. Eré ti fẹ́ parí, àmì ayò kan la fi ṣáájú, ẹnì kan péré ló sì kù ká lé jáde. Ṣùgbọ́n ènìyàn mẹ́ta ti wà lójú ọ̀nà fún àwọn tí à ń bá díje, tí wọ́n ń retí àtisáré wálé. Obìnrin gìrìwò kan ló di igi mú. Ó ti ní strike méjì.

Ẹ̀gbọ́n Keisha na ìka méjì. Mo mi orí. Ó tún nà án. Mo tún mi orí. Ó dìde, ó wá bá mi.

“Ta lo fẹ́ fi agbára hàn?”

“Mọ́mì mi ti dé.”

Ó wo ọ̀ọ́kán. “Ẹni tó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì yẹn?”

“Àwọn ni.”

“Ó dáa. Èyí tó ń sáré ni obìnrin yìí ń retí. Tàn án jẹ.”

Mo ju ọwọ́ bí ẹni tó fẹ́ fọ́ ògiri, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù náà yọ́ jáde bí ẹni tí kò kánjú. Onígi ti gbá afẹ́fẹ́, ó ti yí po tán, kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Strike kẹta. A borí.

Gbogbo wọn rọ́ wá bá mi. Mo fẹ́ gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, kò lọ. Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń fi ọwọ́ òsì nìkan gbá wọn mọ́ra, kò sì sẹ́ni tó fura àfi Mọ́mì. Wọ́n gba ẹnu géètì wọ pápá, wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn èjìká mi.

“Láti ìgbà wo?”

“Ọ̀sẹ̀ méjì, ma.”

“O sì ń jù ú.”

“Mò ń jù ú, ma.”

Mo ti múra de ìbáwí. Wọ́n kàn bọ́ ìbọ̀wọ́ tí mo fi ń hán bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ òsì mi, wọ́n sì fi há abíyá bíi báàgì tiwọn.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, dókítà ní iṣan èjìká náà ti ya. Ó máa jinná débi kí n wakọ̀, kí n gbé ẹrù, ṣùgbọ́n kì í ṣe débi kí n tún gun òkìtì. Mo ti padà sí pharmacy. Bí oníbàárà bá ń sọ fún mi pé èjìká kàn ń ta òun díẹ̀, mo mọ irọ́ tó ń pa, mo sì máa ń sọ fún un.

Ohun tí mo máa ń rántí jù ni yàrá tí a jókòó sí kí dókítà tó pè wá. Ọwọ́ mi ò ṣeé kọ̀wé, Mọ́mì ni wọ́n ń bá mi kọ fọ́ọ̀mù: orúkọ, àdírẹ́sì, ọjọ́ ìbí. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí wọ́n ti béèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe, wọ́n dá bírò dúró. Mo ti rò pé pharmacy ni wọ́n máa kọ.

“Sherifat, pitcher yẹn, ṣé T wà nínú ẹ̀?”

“Ó wà níbẹ̀, ma. Kó tó kan C.”

Wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà.