Àgò Lẹ́bàá Òkìtì Ọ̀gán

Nígbà tí mo wà ní kékeré l'Érúwà, ọ̀sán gangan là ń bẹ̀rù ju òru lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá jẹ́ ẹgbẹ́ mi á rántí. Tóòrùn bá ti dé àtàrí, tí ọ̀nà oko dá, tí ẹyẹ ò ké mọ́, àwọn àgbà á ní iwin ti jáde. O ò gbọdọ̀ súfèé. O ò gbọdọ̀ da omi sẹ́yìnkùlé láìwí pé, "Àgò o." Ẹni tó bá gbàgbé, ìgbátí ló máa kọ́kọ́ jẹ, kí wọ́n tó ṣàlàyé ohun tó ṣe.

Òkìtì ọ̀gán kan wà lọ́nà oko wa, lápá ibi tí wọ́n ń gbà lọ sí Lánlátẹ̀. Ó pupa, ó ga ju bàbá mi lọ, igi ìrókò kan dúró tì í. Bí a bá ru ẹ̀gúsí bọ̀ látoko, tí ọrùn fẹ́ já, a ò jẹ́ sọ̀ ọ́ níbẹ̀. Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ní ẹnìkan ń gbé inú ẹ̀. Ta ni? Kò sọ. "Onílé wà ńlé" náà ló máa ń wí.

Èmi ò lọ síléèwé. Àbúrò mi, Àlàbí, náà ò lọ. Oko la mọ̀. Lọ́jọ́ kan, lọ́sàn-án, a lé òkété kan, ó kó sí ihò abẹ́ ọ̀gán yẹn. Ẹ ṣáà mọ bí a ṣe ń mú ìrẹ̀: omi la máa ń dà síhò ẹ̀ títí á fi jáde. A ò ní omi lọ́wọ́. Àlàbí bá tú ṣòkòtò, ó tọ̀ sínú ihò.

Mo ní, "Àlàbí, o ò mà ṣàgò!"

Ó ń rẹ́rìn-ín. "Ṣé òkété ni n ó ṣàgò fún?"

Òkété ò jáde. Lójijì ẹ̀rín kú lẹ́nu ẹ̀. Ó dẹtí sílẹ̀ sí ihò náà, ó wò mí, ó sì ki eré mọ́lẹ̀. Èmi ò gbọ́ nǹkan kan, àmọ́ mo sá tẹ̀ lé e.

Kò pẹ́, ẹsẹ̀ ẹ̀ wú. Ó ń dán, ó gbóná, kò lè tẹlẹ̀. Ibà gbé e dè. Ìyá àgbà bi mí lóhun tá a ṣe, mo sọ ọ́. Kò nà mí. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Ìyá àgbà tó ń tìtorí ẹ̀gúsí ìkúnwọ́ kan nani, jókòó sílẹ̀, ó káwọ́ lérí. Ó ní, "Ilé onílé lẹ tọ̀ sí. Ọmọ yìí á ṣe yè báyìí?"

Tíṣà obìnrin kan gba yàrá nílé wa nígbà yẹn. Filipíìnì ló ti wá, ó ń kọ́ wọn níṣirò ní sẹ́kọ́ńdìrì. Mísì là ń pè é. Ó kúrú, irun ẹ̀ gùn dédìí, ó sì ń gbìyànjú Yorùbá. Mo rò pé ẹni tó wọ bàálù wá á gbà wá. Á ní irọ́ ni. Mo lọ bá a. Mo ní, "Mísì, ẹ bá mi sọ fún Ìyá àgbà pé kò sí ẹnì kankan nínú ọ̀gán."

Nígbà tó gbọ́ ohun tí Àlàbí ṣe, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Ha! Bàbá kékeré!" Ó fọwọ́ wọn ún, kò ga dé orúnkún ẹ̀. "Irùngbọ̀n gígùn. Ó wà nílùú mi náà. Ó ti bínú!"

Ó ní tí wọ́n bá ń kọjá lẹ́bàá ọ̀gán lọ́dọ̀ wọn, wọ́n á ní, "Tabi-tabi po." Àgò tiwọn nìyẹn. Ó ní òmíràn dúdú, ó ga, orí igi ńlá ló ń jókòó sí tí í fa sìgá. Òmíràn, orí ẹṣin ló wà lọ́rùn ẹ̀, á máa ṣi èèyàn lọ́nà nínú igbó, àfi tónítọ̀hún bá yí aṣọ ẹ̀ wọ̀ sódì. Obìnrin kan ló sì ni òkè wọn, ẹni tó bá mú èso níbẹ̀ láìtọrọ ò ní rọ́nà délé. Mo rántí ìrókò wa. Tẹ́lẹ̀, mo ti ń rò ó pé tí mo bá dàgbà, n ó lọ síbi tí iwin ò sí. Ṣé wọ́n ti débẹ̀ ṣáájú mi?

Ọ̀sán ọjọ́ kejì la lọ sídìí ọ̀gán náà. Ìyá àgbà gbé omi tútù àti ẹ̀kọ, Mísì bu ìrẹsì sínú ewé. Àwọn méjèèjì kúnlẹ̀. "Àgò, onílé, ọmọdé ni, ẹ má gba ẹ̀mí ẹ̀." "Tabi-tabi po." Ìyá àgbà yíjú sí i.

"Ṣé ó gbọ́ èdè yín?"

"Ó gbọ́, Ìyá."

Ìrókò náà mì. Kò sí atẹ́gùn. A ò wẹ̀yìn títí a fi délé.

Nígbà tó ṣe, ẹsẹ̀ Àlàbí bẹ́. Sòbìyà ló yọrí, funfun bí òwú. Nọ́ọ̀sì ní omi odò tá a ń mu ló fà á. Bàbá mi rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí ẹsẹ̀ náà ti wú. "Ìyá, sòbìyà lásán ni!"

Ìyá àgbà ní, "Mo rí i. Ta ló rán an?"

Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fi igi wé sòbìyà náà jáde. Àlàbí yè, àmọ́ ó ń tiro dòní.

Ayé ti yàtọ̀. Omi ẹ̀rọ la ń mu, sòbìyà ti wábi gbà. Katapílà ti wó ọ̀gán yẹn, ilé búlọ́ọ̀kù ló wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń súfèé lọ́sàn-án gangan, wọ́n ń tọ̀ síbi tó wù wọ́n, ẹsẹ̀ wọn ò wú. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Èmi ṣì ń ṣàgò kí n tó da omi. Tí mo bá ṣe tiwa tán, mo máa ń fi ti Mísì lé e.

Àlàbí náà ti darúgbó. Kì í tọ̀ níta. Bó ti wù kí ìtọ̀ gbọ̀n ọ́n tó, á mú un mọ́ra dé ilé. Nígbà tá a jọ jẹ iyán kẹ́yìn, mo tún bi í léèrè ohun tó gbọ́ nínú ihò yẹn.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ á máa jẹun."