Orúkọ Márùn-ún Lórí Pákó Ìrókò

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí à ń gbé ní Okumagba Layout ní Warri, bàbá mi ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kan lẹ́bàá títì Jakpa. Ìlàjẹ ni wá, ọmọ etí omi, nítorí náà kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ni àbúrò ìyá mi, tí a ń pè ní Bọ̀dá, ń ṣe. Òun ló ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ onígi kan tó ń kó gaàrí, iyọ̀ àti kẹrosíìnì láti Warri lọ sí àwọn abúlé inú omi. Márùn-ún ni wọ́n nínú ọkọ̀ náà. Ọmọ ẹ̀yà Ìjọ̀ ni awakọ̀ wọn, Ìtsẹ̀kírì ni àwọn méjì tó ń kó ẹrù, Ùróbò ni alásè. Inú ìkòkò kan náà ni gbogbo wọn ti ń jẹun. Bí wọ́n bá gúnlẹ̀, ilé wa ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ yà, Bọ̀dá á sì ti ẹnu ọ̀nà ké sí mi pé, "Small madam, water never drink us o!" Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ó ṣòro láti ṣàlàyé fún yín bí ìjà ẹ̀yà tó bẹ́ sílẹ̀ ní Warri nígbà yẹn ṣe rí. Àwọn tí wọ́n jọ lọ sọ́jà lánàá kò lè gba àdúgbò ara wọn kọjá lónìí. Ilé ń jó, èèyàn ń gbẹ́rù sórí sá kiri. Ìyá mi bẹ Bọ̀dá pé kó dúró sílé. Bọ̀dá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ebi ń pa àwọn tó wà lódò lọ́hùn-ún. Bí a ò bá lọ, ta ni yóò lọ?" Wọ́n lọ. Ní ọjọ́ kẹta, àwọn apẹja wá sọ fún wa pé ìbọn dún láti inú igbó etí omi, iná ran kẹrosíìnì, ọkọ̀ sì rì. Wọn ò rí òkú ẹnì kankan. Títí dòní, a ò mọ ẹni tó yìnbọn náà.

Ìyá mi ò sunkún. Gbogbo Sátidé ló ń fọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì Bọ̀dá, tó ń lọ̀ ọ́, tó sì ń gbé e kọ́ sára ògiri. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún bí oṣù mẹ́rin. Bàbá mi ò lè wò ó mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó mú pákó ìrókò tó fẹ́ fi ṣe ilẹ̀kùn, ó ní, "Ẹni tí ò ní sàréè náà ṣáà ní orúkọ." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ orúkọ àwọn márààrún sí i.

Ọ̀rọ̀ náà tàn kálẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta wá sí ṣọ́ọ̀bù, èyí tó ṣáájú fi àdá kan pákó náà níbi tí orúkọ tí kì í ṣe ti ẹ̀yà wọn wà.

"Baba, commot this name. We and dem no dey stay one place."

Bàbá mi ní, "My pikin, na one boat carry all of dem."

"Then we go burn your shop."

Ẹ̀rù ba bàbá mi. Ó da aṣọ bo pákó náà, ó sì padà sídìí àga tó ń kàn. Mi ò dá a lẹ́bi o. Ọmọ mẹ́rin ló ń bọ́.

Ìyá mi ló dìde. Ó fẹsẹ̀ rìn dé àdúgbò tí wọ́n ní irú wa ò gbọdọ̀ dé, ó lọ wá ìyá ọ̀kan nínú àwọn tó kú, àgbàlagbà obìnrin tó jẹ́ ẹ̀yà kan náà pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ yẹn. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ náà padà wá wò bóyá bàbá mi ti gé orúkọ náà kúrò, màmá náà ni wọ́n bá lórí àpótí níwájú pákó, aṣọ ti kúrò lórí rẹ̀. Ó ní kí ẹni tó mú àdá ka orúkọ ọmọ òun. Ó kà á.

"Oya, read the one wey follow am."

Orúkọ tó fi àdá kàn níjọ́sí ni. Ọmọkùnrin náà yíjú sí títì.

Màmá ní, "When sickness hold my pikin for water, na that one carry am for back come meet me. If you wan cut am, cut my own first."

Ọmọkùnrin náà gbé àdá rẹ̀ sábẹ́ abíyá. Wọ́n sì lọ.

Abúlé Ijala la ri pákó náà mọ́lẹ̀ sí, létí omi. Ìyàwó alásè ò lè wá, torí ọ̀nà ọ̀dọ̀ wọn ṣì dí. Bàbá mi ka orúkọ kọ̀ọ̀kan sókè. Nígbà tó dé orí ti Bọ̀dá, ìyá mi wó sínú ẹrẹ̀, ó ké igbe tí mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Láti ọjọ́ náà, kò fọ aṣọ yẹn mọ́.

Ayé ti yí padà. Lónìí, ẹ̀ ń wọkọ̀ láìbéèrè èdè tí awakọ̀ ń sọ nílé, ẹ sì ń fẹ́ ẹni tó bá wù yín láìfi ti ẹ̀yà ṣe. Mo dúpẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n àlàáfíà náà máa ń mú kéèyàn gbàgbé. Omi ti gbé pákó náà lọ. Nígbà tí mo mú àbíkẹ́yìn mi débẹ̀, ó bi mí pé, "Mummy, wetin dey here before?" Mo ka orúkọ márààrún fún un. Ó ń pè wọ́n tẹ̀ lé mi, ó ń kọsẹ̀ lórí wọn bí ẹni tó ń gun òkè olókùúta. Mo ní kó tún wọn pè. A jókòó síbẹ̀ títí ó fi mọ̀ wọ́n.